Baluwẹ̀ Inú Ìwé

Ohun tí Karimou kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni pé ó wó baluwẹ̀ ilé rẹ̀. Kò tíì mu ẹ̀kọ, kò tíì bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, kò tilẹ̀ tíì bá mọlémọlé fẹnu kò lórí iye tí iṣẹ́ máa jẹ́. Ó kàn ti páànù àkọ́kọ́ ni, páànù náà sì ṣubú wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò ti òun. Àwọn márùn-ún yòókù tẹ̀lé e. Ó wá fi àáké ṣẹ́ àwọn igi tó gbé wọn dúró, ó ṣẹ́ wọn wẹ́wẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà yí padà. Kí oòrùn tó ga ju abà iṣu lọ, ohun tó kù níbẹ̀ kò ju òkúta pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń dúró lé wẹ̀, àti ẹrẹ̀ dúdú tí kì í gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí kì í gbẹ lójò.

Àkàndé, mọlémọlé tó wá láti Ṣábẹ̀, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú bíìrò lẹ́yìn etí.

"Tonton, mo rò pé a máa sọ̀rọ̀ owó ká tó wó o," ni ó wí fún Karimou.

"Patron, ìwọ ṣáà máa kọ," ni Karimou dá ọ̀gá mọlémọlé náà lóhùn. " Èyí tí mo ti wó, mo ti wó o."

Owó kajú wà lápò rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta fránkì, tó fi ọ̀rá dúdú dì, tó sì ń fọwọ́ kàn lórí bùbá ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kajú ta dáadáa lọ́dún yìí. Ẹ̀bi ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Láti ìgbà tí Àlàájì Nasser, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta àgbàdo, ti kọ́ baluwẹ̀ oní-káró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọkàn Karimou kò balẹ̀ mọ́. Káró yẹn, àwo búlúù tó ń dán yanran tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Karimou rí i, lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí Nasser ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn àlejò, tó sì tún tì í pa kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́rùn Nasser bíi tírà.

Ìdí mìíràn tún wà. Raoudath, àkọ́bí Karimou, ti bímọ fún ọkọ rẹ̀ ní Cotonou, àwọn àna yóò sì wá sí Tchaourou kí ìyá ọmọ tó pé ogójì ọjọ́. Karimou ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ẹni tó ń gbé ilé alájà, tó ń wẹ̀ nínú ilé, kó dé ọ̀dọ̀ òun, kó béèrè baluwẹ̀, kí wọ́n wá nawọ́ sí ẹ̀yìn abà iṣu fún un? Ojú Karimou kò gbà á. Ó ti gbà á fún ìyàwó rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò tíì wò ó lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níhìn-ín, ó sì ń bí ni nínú. Ẹ ó rí ilé tó ní àga onítìmùtìmù mẹ́fà ní pálọ̀, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ẹ wá lọ sẹ́yìnkùlé kí ẹ wo ibi tí àwọn obìnrin ilé ti ń wẹ̀. Páànù tó ti di ajẹrẹ ni, aṣọ àlòkù ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹran àwọn ará àdúgbò sì ń yọjú wò wọ́n. Àlejò kì í dé ẹ̀yìnkùlé, nítorí náà owó kì í dé bẹ̀.

Zénabou, ìyàwó Karimou, gbé báàfù omi dé láti ìdí pọ́mpù. Ó yà sí ẹ̀yìn abà bó ti máa ń ṣe, ó sì dúró.

"Bàbá Raoudath, ẹ káàárọ̀. Baluwẹ̀ dà?"

Karimou nawọ́ sí ohun tí Àkàndé ń kọ. "Ó wà nínú ìwé."

Zénabou wo ìwé. Ó wo àwọn páànù nílẹ̀. Ó sọ omi kalẹ̀ jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́ náà ló sì fi béèrè pé, "Ṣé inú ìwé yẹn náà ni Raoudath máa ti wẹ̀ lónìí?"

"Raoudath ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ó ń bọ̀ lónìí. Ọkọ̀ wọn ti kúrò ní Cotonou. Mo sọ fún yín lálẹ́ àná, ẹ ní 'ẹn-ẹ́n, ó dáa', bọ́ọ̀lù lẹ ń wò."

Karimou rántí bọ́ọ̀lù náà dáadáa. Ó rántí góòlù méjèèjì pàápàá. Ti Raoudath ni kò rántí.

Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, nítorí ìwẹ̀ ni Raoudath ń bọ̀ wá wẹ̀. Ó ti sọ ọmọ lórúkọ nílé ọkọ, ó kù kó wá sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kí wọ́n máa fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí di ogójì ọjọ́. Ìwẹ̀ yìí kì í ṣe ká da omi sára ká jáde. Ìyá máa fi aṣọ tó gbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, ìyá àgbà máa jókòó lórí àpótí gba ọmọ, wọ́n á fi òrí pa á lára, ìkòkò omi gbígbóná á wà lápá kan, ti omi tútù á wà lápá kejì. Ti àárọ̀ ti bá ojú ọ̀nà lọ. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá tún fò, gbogbo obìnrin láti ibí dé Kika ni yóò gbọ́ pé Karimou gba ọmọ rẹ̀ sílé kò sì rí ibi wẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ka ìwé yẹn fún mi," ni Zénabou wí.

Àkàndé wú ikọ́ díẹ̀. "Devis nìyí, tata, ìwé iye tí iṣẹ́ máa jẹ́. Káró búlúù, ilẹ̀ àti ògiri. Ilé ìgbẹ́ oníjókòó kan, funfun. Ibi ìfọwọ́ kan. Díńgí kan. Tánkì kan lókè. Ilẹ̀kùn onígíláàsì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta."

"Ta ni yóò máa pọn omi sí tánkì òkè yẹn?"

Karimou wo òkè. Àkàndé wo ìwé.

"Kòtò ńkọ́? Mi ò gbọ́ kòtò níbẹ̀."

"Tata, tonton ní ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè ná. Owó tó bá kù la máa fi gbẹ́ kòtò."

"Ẹ kò ní gbẹ́ kòtò, ẹ máa ra díńgí?" Ohùn Zénabou ti ń ròkè. "Kí èèyàn lè rí ojú ara rẹ̀ bó ti ń wá ibi tó máa lọ?"

"Ìyá Raoudath, àwọn àna ń bọ̀!"

"Ọmọ mi ló ń bọ̀! Ẹ fún patron ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé àádọ́ta. Kó gbẹ́ kòtò, kó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀, kó la ọ̀nà fún omi, kó mọ ògiri ga ju orí èèyàn lọ, kó fi ilẹ̀kùn tó ní ìkọ́ sí i. Káró kì í wẹ èèyàn."

Ariwo yìí ni àwọn aládùúgbò gbọ́ tí orí wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ògiri ààlà. Ẹnì kan ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ti tó, ẹ̀gbọ́n òun ní Tchatchou ò ná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má gbàgbé díńgí. Ẹ̀kẹta béèrè bóyá wọ́n máa ta páànù àtijọ́ náà. Kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Karimou, gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde láti inú yàrá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀. Ó ní kí Àkàndé fi eérú fa ìlà baluwẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé. Àkàndé fà á. Ìyá Àgbà gbé àpótí sáàárín, ó jókòó, ó ní kí Zénabou wá jókòó síwájú òun bí ẹni pé òun ni Raoudath. Zénabou jókòó. Orúnkún rẹ̀ kọjá ìlà, ó wọ ibi tí ilé ìgbẹ́ oníjókòó máa wà.

"Ìkòkò omi gbígbóná ńkọ́?" Ìyá Àgbà béèrè. "Ṣé orí mi ni màá rù ú lé?"

"Ìyá, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà," ni Karimou wí. "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é."

"Ìgbà tí ìyàwó rẹ bí Raoudath, èèyàn mélòó ló wẹ̀ ẹ́?"

Karimou kò mọ̀. Ojú ọ̀nà ló máa ń wà tí wọ́n bá ń wẹ̀, ibi ayò.

"Ìwọ ọmọ Ṣábẹ̀," Ìyá Àgbà yíjú sí Àkàndé, "ẹni tó bá jókòó sórí nǹkan funfun yẹn, ibo ló máa kọjú sí?"

"Ẹnu ọ̀nà, Ìyá. Ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ."

"Ìhà kíbúlà! Karimou! Kí n kọjú sí ibi tí mò ń kí ìrun sí, kí n wá máa yàgbẹ́!"

Àwọn orí tó wà lórí ògiri bú sẹ́rìn-ín. Àkàndé fa igi lé nǹkan kan nínú ìwé rẹ̀. Ebi wá ń pa Karimou. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ òun wá. Zénabou ti da omi sínú ìkòkò ńlá, ó gbé e ka iná. Igi baluwẹ̀ tí Karimou fi àáké ṣẹ́ ló ń dá sí i lábẹ́.

"Oúnjẹ yín wà nínú ìwé," ni ó wí, kò wẹ̀yìn.

Karimou gbé fìlà lé orí. "Ó ti tó. Raoudath máa wẹ̀ níbi tó dáa ju gbogbo ibí lọ. Ọ̀rẹ́ mi ni Nasser, á yá wa ní tirẹ̀. Ẹ̀yin náà á fojú ara yín rí ohun tí mò ń sọ." Láìmu ẹ̀kọ, ó gba ilé Nasser lọ.

Inú Nasser dùn láti rí i títí ó fi gbọ́ ohun tó bá wá.

"Baluwẹ̀ wo?"

"Èyí tí o kọ́."

"À, èyí yẹn. Káró rẹ̀ kò tíì gbẹ."

"Láti ọdún tó kọjá?"

"Ó nípọn ni. Kọ́kọ́rọ́ náà sì ti sọnù." Kọ́kọ́rọ́ yìí ń mì lórí àyà rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀.

Latifatou, ìyàwó Nasser, ń ṣẹ́ àgbàdo nítòsí. Ó dìde, ó gbọn èèpo kúrò lára, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà, ilẹ̀kùn sì ṣí. Kò sí ohun tó tì í. "Ẹ wọlé, tonton," ni ó wí. "Ẹ rọra o, adìẹ ń sàba."

Karimou wọlé. Káró náà lẹ́wà lóòótọ́, ó ń dán láti ilẹ̀ dé òkè, ọkàn Karimou tilẹ̀ kọ́kọ́ fò. Lẹ́yìn náà ló rí àpò àgbàdo mẹ́sàn-án tí wọ́n tò dé orí díńgí. Ó rí adìẹ nínú ibi ìfọwọ́, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹyin, ó ń wo Karimou tìbínú tìbínú. Ilé ìgbẹ́ oníjókòó náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá láti Parakou.

"A lè kó àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ni Karimou wí. "Latifatou, bá mi bu omi díẹ̀, ká fọ ilẹ̀."

"Má da omi síbẹ̀!" Nasser kígbe, ó na apá méjèèjì di ẹnu ọ̀nà. "Karimou, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má da omi síbẹ̀!"

"Èéṣe?"

Latifatou ló dáhùn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún. "Kò ní kòtò, tonton. Páìpù náà dé inú ògiri, ó parí síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló wọ ibí yìí, káró ló jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan la da omi sí i, pálọ̀ ló gbà jáde."

"Níbo lẹ wá ti ń wẹ̀?"

"Ẹ̀yìn abà iṣu," ni Latifatou wí. "Bíi tiyín."

Karimou wo Nasser, Nasser wo adìẹ. Gbogbo òru tí Karimou kò fi sùn dáadáa nítorí baluwẹ̀ ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí i lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú sì tì í. Ó kí wọn, ó jáde, ó lọ jókòó níbi ayò títí oòrùn fi rẹ̀.

Kò tíì pinnu ohun tó máa sọ nílé nígbà tí ìyẹn kò ní ìtumọ̀ mọ́, nítorí ó bá zem kan lẹ́nu ọ̀nà, Raoudath ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù náà, ọmọ wà láyà rẹ̀ nínú aṣọ ìbora. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, láti òwúrọ̀ ló ti wà nínú ọkọ̀. Karimou gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí i lórúkọ. Ọmọ náà kéré ju bó ti rò lọ.

"Bàbá, ẹ kúulé. Ara ń ro mí. Omi ti gbóná, àbí?"

"Omi ti gbóná," ni Karimou wí. Òótọ́ ni, omi ti gbóná.

Zénabou kò bá a jà mọ́. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ó ti ta ẹní mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan láàárín abà àti ògiri ilé ìdáná, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ti bò. Ẹ̀gbẹ́ kẹrin ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Páànù wà, ṣùgbọ́n igi tí yóò gbé e dúró ti di eérú lábẹ́ ìkòkò.

Ìyá Àgbà gbé àpótí rẹ̀ sí ibi tó yẹ, ó na ìka sí ọmọ rẹ̀.

"Karimou. Ìwọ lo wó ògiri. Wá di ògiri."

"Ìyá, èmi?"

"Ṣé ọmọ Ṣábẹ̀ ló máa di páànù tí ọmọ rẹ bá ń wẹ̀ ni? Ìwọ mọlémọlé, lọ jókòó sójú títì, kí o kẹ̀yìn sí wa! Karimou, yíjú síta."

Àkàndé lọ jókòó sórí òkúta kan lójú ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wọn. Karimou yíjú síta, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó di etí páànù méjì mú. Etí páànù ń gún un lọ́wọ́. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ìhà Goro gbá a, páànù fẹ́ wó lé e, ó fi ẹ̀yìn tì í. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn rẹ̀, Raoudath ké nígbà tí aṣọ gbígbóná kàn án níkùn. Àwọn obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rọ̀ ọ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, kò rí ibi tó máa gbà, ó gba abẹ́ páànù, ó bo bàtà Karimou pẹ̀lú ọṣẹ àti òrí àti ẹrẹ̀ dúdú. Òkúta tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ yọ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

"Ṣé ó ti tó?" ó béèrè.

"Ẹ̀yìn nìkan la ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí.

Nasser ń kọjá lọ sí mọ́sálásí fún ìrun alásárì. Ó rí Karimou tó na apá bí aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín ẹnì kejì. "O kú iṣẹ́ o," ni Nasser wí, ó sì yára kọjá.

"Apá ń ro mí o," ni Karimou wí.

Ohùn Zénabou wá láti ẹ̀yìn páànù, kò ga, kò gbóná. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ọwọ́ kan wẹ̀ níbí, tí mo fi ìkejì di páànù yẹn mú kí atẹ́gùn má gbé e. Mo lóyún ọmọ mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Ẹ di tiyín mú."

Omi tún dé bá bàtà Karimou. Ó ronú kan àwọn oṣù tí Zénabou fi lóyún Raoudath, òkúta tó ń yọ̀ yìí, ọwọ́ kan. Àyà rẹ̀ já, bí ẹni pé ní báyìí gan-an ni obìnrin náà ń yọ̀.

"Patron!" ó ké sí Àkàndé. "Mú ìwé wá. Rárá, má wá! Jókòó síbẹ̀, kọ ọ́ láti ibẹ̀. Kọ kòtò sí i."

"Mo ti kọ ọ́, tonton!"

"Ìyá Raoudath, èló lo ní ká fún patron?"

Wọ́n da korobá omi kan, ó dé bá ẹsẹ̀ rẹ̀, kí Zénabou tó dáhùn. "Igba ó lé àádọ́ta. Kó sì gba ẹni mẹ́ta."

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé àádọ́ta! Ẹni mẹ́ta! Kọ ọ́!"

"Díńgí ńkọ́, tonton?"

"Fa igi lé e!"

"Ẹ fi káró kan sí i o," Ìyá Àgbà wí lójijì. "Ẹyọ kan péré. Búlúù. Ibi tí a ó máa gbé ọṣẹ lé."

Raoudath bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín, ikùn ń dun òun. Karimou náà rẹ́rìn-ín, páànù sì ń mì pẹ̀lú rẹ̀. Ó wá rántí ohun kan, ẹ̀rín náà gbẹ.

"Patron, ọjọ́ mélòó kí a tó lè wẹ̀ níbẹ̀?"

"Tí òjò kò bá rọ̀, tonton, ọjọ́ mẹ́jọ."

Ọjọ́ mẹ́jọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Karimou ṣírò rẹ̀, ó dé mẹ́rìndínlógún, ó sì wo ojú ọ̀run bóyá ìkuukùu wà níbẹ̀.

"Bàbá," ni Raoudath wí lẹ́yìn páànù, "ẹ ti gbé e sókè jù, atẹ́gùn ń wọlé."

Karimou sọ páànù náà kalẹ̀ díẹ̀, ó sì tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé dáadáa nínú ẹrẹ̀.